Ìdọ̀tí Yàtọ̀ sí Ọjọ́ Orí

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ bá mi dá ẹjọ́ kan. Bí ènìyàn bá fi inú kan ṣe iṣẹ́ fún ọmọnìkejì rẹ̀, tí ó lo agbára lé e lórí, tí kò sì gba kọ́bọ̀, ṣùgbọ́n tí iṣẹ́ náà ba nǹkan onínǹkan jẹ́, ṣé ó jẹ gbèsè àbí kò jẹ? Kí ẹ tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí n rò fún yín bó ṣe ṣẹlẹ̀, nítorí èmi gan-an ni ọ̀daràn inú ìtàn yìí.

Màmá kan wà ní ojúlé tí mò ń gbé ní Bàrígà, ní apá ibi tí èèyàn máa ń gbà lọ sí etí ọ̀sà ní Ìlàjẹ. Opó ni màmá náà. Ẹja gbígbẹ ni ó ń tà kí ẹsẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí dùn ún. Ní ọjọ́ kan ó pè mí wọ yàrá, ó fa agolo Bournvita kan jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Owó àtijọ́ ló kún inú rẹ̀: kọ́bọ̀ tó dá ihò sí láàárín, ẹ̀pìnnì, tọ́rọ́, sísì, ṣílè, títí kan onínì tó jẹ́ pé mẹ́wàá rẹ̀ ló ń jẹ́ kọ́bọ̀ kan. Bàbá, ọkọ rẹ̀, ló kó wọn pamọ́ kí ó tó kú. Màmá ní òun gbọ́ pé àwọn kan wà ní Èkó tí wọ́n ń ra irú rẹ̀, àti pé owó ìdánwò WAEC ọmọ-ọmọ òun ti dé ọrùn.

Ó ní, "Ìwọ oníwèé ìròyìn, ìwọ lo mọ àwọn alákọ̀wé. Bá mi tà á, ọmọ mi."

Mo ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, Mà."

Gbogbo owó náà ló ti dúdú. Ilé tí wọ́n sì ti tọ́ mi dàgbà, eérú àti kànìnkàìn ni wọ́n fi ń fọ ìkòkò títí yóò fi máa dán. Ọmọ tó bá fọ abọ́ tí dúdú kan ṣẹ́ kù lábẹ́ rẹ̀, ìfọ́tí ni oúnjẹ rẹ̀. Nítorí náà, ojú àpọ́nlé ni mo rò pé mo fẹ́ fún owó Bàbá. Mo ra ọsàn wẹ́wẹ́, mo bu eérú, mo tún wá ewé ẹ̀pin díẹ̀ mọ́ ọn. Láti àárọ̀ Sátidé ni mo ti jókòó tì í, ó di ọ̀sán kí n tó dìde. Nígbà tí mo ṣe tán, gbogbo rẹ̀ ń kọ yẹ̀rì bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ ọ́. Màmá gan-an pàtẹ́wọ́ fún mi.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, mo gbé agolo lọ sọ́dọ̀ oníṣòwò kan ní Àìlándì. Ó mú ẹyọ kan, ó fi gíláàsì tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá wò ó, ó mí kanlẹ̀.

"Haà! Ta ló ṣe báyìí?"

"Èmi ni, sà."

Ó ní ká ní mo gbé e wá pẹ̀lú dúdú tó wà lára rẹ̀ ni, ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni òun ì bá dá iye lé. Ní báyìí, òun á kàn rà á lápapọ̀ bí ẹni ra irin àlòkù. Ohun tó fi lọ̀ mí kò tó ìdámẹ́rin iye tó ní òun ì bá san. Inú bí mi. Mo rò pé ó fẹ́ rẹ́ mi jẹ ni. Ṣùgbọ́n kò bá mi jà, ó kàn na gíláàsì náà sí mi. Ohun tí mo rí bà mí lẹ́rù. Gbogbo ojú owó náà ló há yánnayànna bí ibi tí ológbò ti ya èèyàn léèékánná. Ètè àwọn lẹ́tà tó wà lára rẹ̀ ti jẹ.

Ṣé ẹ rí i, bàbà àti idẹ, bí afẹ́fẹ́ bá ti ń fẹ́ sí wọn fún ọdún púpọ̀, awọ kan máa ń bo ojú wọn, tó pọ́n rúsúrúsú tàbí tó dúdú. Àwa rò pé ìdọ̀tí ni. Kì í ṣe ìdọ̀tí. Ara owó náà ló yí padà di awọ yẹn, awọ náà ló sì ń dáàbò bo èyí tó kù lábẹ́. Kíkan tó wà nínú ọsàn wẹ́wẹ́ á jẹ awọ náà kúrò, eérú á sì ha ìhòòhò tó kù. Kò sí oògùn tí èèyàn lè fi dá a padà.

Ohun tó wá dùn mí jù ni ohun tí oníṣòwò náà fi hàn mí lára kọ́bọ̀ kan tí ọdún ara rẹ̀ jẹ́ 1936. Nígbà náà, ìgbìmọ̀ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá sílẹ̀ ní 1912 ló ń ṣe owó fún Nàìjíríà, Gold Coast tó di Ghana, Sierra Leone àti Gambia. Ní 1936, Edward Kẹjọ ni ọba wọn. Oṣù Kìn-ín-ní ọdún náà ló gorí oyè. Nígbà tó máa di oṣù Kejìlá, ó ti gbé oyè sílẹ̀ nítorí obìnrin tó fẹ́ fẹ́. Wọn kò dé e ládé rí. Ní ìlú Òyìnbó lọ́hùn-ún, wọn kò ná owó kankan tó ní orúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kọ́bọ̀ tiwa ní ihò láàárín, kò gba orí ọba, orúkọ nìkan ló gbà. Nítorí náà wọ́n ti rọ ọ́, wọ́n ti kó o wá fún wa. Àwọn ìyá wa ná orúkọ ọba náà ní ọjà, ibi tó ti jọba gan-an kò sì ná an. Irú kọ́bọ̀ yìí kò ṣọ̀wọ́n, kò lè sọ èèyàn di olówó, ṣùgbọ́n ìtàn ńlá ni. Èmi sì ti fi eérú ha orúkọ ọba kúrò, ó ku díẹ̀ kí n má lè kà á.

Ẹ̀yin tí ẹ ní irú agolo bẹ́ẹ̀ nílé ńkọ́? Láti ìgbà tí náírà ti dé ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kìn-ín-ní 1973, tí ṣílè mẹ́wàá di náírà kan, agolo irú rẹ̀ kò tán lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì àwọn àgbà. Bí erùpẹ̀ bá wà lára owó náà, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi mímọ́ lásán, ẹ gbé e sórí aṣọ tó rọ̀, ẹ fi aṣọ náà tẹ̀ ẹ́ kí omi lè fà, ẹ má nù ún, ẹ má ha á. Etí rẹ̀ ni kí ẹ máa dì mú, nítorí òógùn ọwọ́ ń jẹ irin. Ẹ má kó o sínú ọ̀rá rọ̀bọ̀tọ̀ tó ń rùn, nítorí irú ọ̀rá bẹ́ẹ̀ máa ń sọ owó di àwọ̀ ewé tó ń yọ̀. Ẹ wé wọn sínú bébà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Àwa tí a wà létí ọ̀sà ní Bàrígà, tí afẹ́fẹ́ wa tutù, kí a fi àpò kékeré tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun sínú agolo náà, yóò máa fa omi inú afẹ́fẹ́ mu.

Kì í sì í ṣe owó nìkan. Ní Amẹ́ríkà, àwọn kan wà tó ń kó àwọn ẹyọ roboto tí wọ́n fi ń ta tẹ́tẹ́ ní kàsínò jọ. Ẹyọ náà kì í ṣe owó. Ìlérí ni, pé bí o bá gbé e wá, ilé tẹ́tẹ́ yóò san owó fún ọ. Ọjọ́ tí ilé tẹ́tẹ́ bá kógbá wọlé, ìlérí kú, àmọ́ àwọn tó ń kó o jọ a tún máa rà á. Àwọn náà ń bá ara wọn jiyàn lórí fífọ̀ rẹ̀. Ẹnìkan fẹ́ fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́, ẹlòmíràn fẹ́ fi òróró pa á lára kó lè dà bí tuntun. Èmi kò ta tẹ́tẹ́, ṣùgbọ́n ìbéèrè inú rẹ̀ kàn mí: bí o bá pa ohun àtijọ́ lóróró, tí o sì tà á láìsọ fún ẹni tó rà á, ọṣọ́ lo ṣe fún un ni, àbí irọ́ lo pa?

Ìbéèrè yẹn ni mo gbé lọ́kàn dé Ṣómólú lọ́jọ́ Mọ́ńdè yẹn, nítorí iṣẹ́ ń dúró dè mí níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Ṣómólú, ẹ mọ̀ pé àdúgbò àwọn atẹ̀wé ni: kàlẹ́ńdà, ìwé ìpè ìgbéyàwó, ìwé ètò ìsìnkú. Ohun tí mo fi ń ti owó oṣù mi lẹ́yìn ni pé mo máa ń bá àwọn ẹbí kọ ìtàn ìgbésí ayé olóògbé. Ẹ̀yin èèyàn mi, n kò tíì kọ ti òkú kan tí kò dán rí. Gbogbo wọn ló jẹ́ bàbá rere, gbogbo wọn ló bẹ̀rù Ọlọ́run.

Ní nǹkan bí ọdún méjì ṣáájú, àwọn ọmọ olóògbé kan ní kí n yọ ìyàwó kejì àti ọmọ méjì tó bí kúrò nínú ìwé. Wọ́n ní, "Ẹ jẹ́ kó mọ́." Mo jẹ́ kó mọ́. Ní ọjọ́ ìsìnkú, mo rí ọmọbìnrin kan tó ń ṣí ìwé náà. Nígbà tó dé ibi tí wọ́n to orúkọ àwọn ọmọ sí, ó fi ìka tọ̀ ọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó tún tọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ó wá pa ìwé náà dé, ó nà án sí àbúrò rẹ̀. Kò sunkún. Mo gba owó mi, mo lọ sílé. Àwọn àgbà ní òótọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Èmi ni mo tà á fún wọn.

Ẹnìkan lè bi mí pé, "Ṣé kí a wá tẹ gbogbo àṣírí òkú síta ni? Ṣé kí a fi gọ́tà Bàrígà sílẹ̀ nítorí pé ó ti pẹ́?" Rárá o. Gọ́tà ń pa èèyàn, ẹ gbá a. Ìjà tí olóògbé bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jà, erùpẹ̀ tó ta sí i lára ni, ẹ rọra fi omi ṣàn án. Ṣùgbọ́n ọmọ kì í ṣe ìdọ̀tí lára bàbá rẹ̀. Ara rẹ̀ ni. Ohun tó ta sí wa lára yàtọ̀ sí ohun tí a dà. Bí o bá sì fẹ́ mọ ìyàtọ̀, bi ara rẹ pé: ṣé mo lè sọ ohun tí mo fọ̀ kúrò lójú ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn? Bí ẹnu rẹ bá wúwo, a jẹ́ pé o ti kọjá omi, o ti dé orí eérú.

Mo padà dé ilé ní alẹ́ ọjọ́ náà. Èṣù sọ fún mi pé kí n fi owó tèmi kún un, kí n sọ fún Màmá pé ọjà tà. Inú rẹ̀ ì bá dùn. Ṣùgbọ́n ìyẹn náà, kí ni bí kò ṣe ọsàn wẹ́wẹ́? Mo dọ̀bálẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó dákẹ́ títí. Ó wá na ojú sí mi, ojú tí ilà wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì.

"Ilà ojú mi yìí ńkọ́? Ṣé wàá fi eérú ha òun náà kúrò?"

A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n tèmi kò dé inú. Ó mú kọ́bọ̀ 1936 yẹn, ó so ó mọ́ etí ìró rẹ̀, ó ní kí n ta ìyókù, nítorí WAEC kò ní dúró. Èyí tí kò pé nínú owó náà, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fi san án. Nígbà tó fẹ́ máa súre fún mi bí ẹni tó ṣe é lóore, mo ní, "Ẹ má dúpẹ́, Mà. Gbèsè ni."

Ẹjọ́ tí mo ní kí ẹ bá mi dá nìyẹn. Èmi ti dá tèmi: inú rere kò san owó nǹkan tó bàjẹ́. Màmá ti dárí jì mí. Ọmọbìnrin tó fi ìka tọ ìwé yẹn ni n kò tíì lọ bẹ̀. Mo mọ ilé wọn, kò jìnnà sí ibi tí a ti tẹ ìwé náà.