Ta Ni Ó Ń Ṣọ́ Ọ̀nà Ilé-ẹ̀kọ́? Ìdáàbòbò Ọmọ Lọ́wọ́ Ẹgbẹ́ Òkùnkùn

KHUTUBAH ÀKỌ́KỌ́

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́ ayé, Ọba Àṣàkẹ́ ọ̀run. Gbogbo ẹyìn àti ọpẹ́ jẹ́ ti Ọlọ́hun, Ọba tí Ó fi ọmọ ta wá lọ́rẹ, tí Ó sì fi wọ́n ṣe àmánà sí wa lọ́rùn. Mo jẹ́rìí pé kò sí ẹni tí ìjọsìn tọ́ sí lódodo àyàfi Allāhu nìkan. Mo sì jẹ́rìí pé ẹrú Rẹ̀ àti Òjíṣẹ́ Rẹ̀ ni Ànábì Muhammad í ṣe. Kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, àti àwọn ará ilé rẹ̀, àti àwọn sàhábà rẹ̀, àti gbogbo ẹni tí ó bá tọ ipasẹ̀ wọn dáadáa títí di ọjọ́ ẹ̀san.

Lẹ́yìn èyí, ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, mo ń gba ara mi àti ẹ̀yin níyànjú pé kí a páyà Ọlọ́hun nínú ohun tí Ó fi sí wa níkàáwọ́.

Ìbéèrè kan wà tí àwọn òbí ń gbé tọ àwọn àáfà wá nígbà tí ọdún ẹ̀kọ́ tuntun bá ti ń súnmọ́. Wọ́n á ní: "Àáfà, ilé-ẹ̀kọ́ wo ni kò ní ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn, kí n mú ọmọ mi lọ síbẹ̀?" Ẹlòmíràn á ní òun fẹ́ kó kúrò ní Ìfọ̀ wá sí Mowe, tàbí kí òun kó kúrò ní Ibafo lọ sí ibòmíràn, nítorí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń dúró sí ìkóríta ti ń fi orúkọ ìnagijẹ pe ọmọ òun.

Ìbẹ̀rù wọn kì í ṣe àṣejù. Ẹ ó rántí oṣù kẹrin ọdún 2020, nígbà tí ìjọba ní kí oníkálukú jókòó sílé nítorí àrùn Kòrónà. Láti Agége títí wọ Agbádó ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfọ̀, àwọn ọkùnrin àdúgbò kò sùn. Wọ́n ń dáná sun táyà ní ìkóríta, wọ́n ń fi àdá àti igi ṣọ́ ilé, nítorí ẹ̀rù àwọn tí a ń pè ní One Million Boys àti Awawa Boys. Ọ̀dọ́ ni àwọn tí à ń ṣọ́nà dè yẹn. Ọmọ ẹnìkan ni ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn.

Ọ̀ràn yìí kò sì ti àárín àwọn ọmọdé bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1952, ní yunifásítì Ìbàdàn, ni akẹ́kọ̀ọ́ 7 dá ẹgbẹ́ Pyrates sílẹ̀. Kì í ṣe ìpànìyàn ni wọ́n torí rẹ̀ dá a sílẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ mìíràn yọ jáde lẹ́yìn rẹ̀, ìdíje wọ̀ ọ́, ohun ìjà sì tẹ̀lé ìdíje. Nígbà tí ó di ọjọ́ 10, oṣù keje, ọdún 1999, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn wọ ibùgbé akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì Ilé-Ifẹ̀ lóru, wọ́n pa akẹ́kọ̀ọ́ 5. Akọ̀wé àgbà ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ wà lára wọn. Nígbà náà, òbí lè sọ pé ohun tí ó wà ní yunifásítì ni. Lónìí, ó ti sọ̀ kalẹ̀ dé ilé-ẹ̀kọ́ gírámà, dé ibùdókọ̀, dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ tí ń kọ́ṣẹ́ ọwọ́. Kí ẹni tí ó ń sọ pé "ọmọ tèmi ṣì kéré" tún èrò rẹ̀ pa.

Ẹ̀yin ará mi nínú ẹ̀sìn, ẹ jẹ́ kí a wo Súrà Yūsuf. Nígbà tí àwọn ọmọ Ànábì Yaʿqūb wá bẹ bàbá wọn pé kí ó jẹ́ kí Yūsuf bá àwọn jáde lọ ṣeré, bàbá náà dá wọn lóhùn pé ẹ̀rù ń ba òun kí ìkookò má lọ pa á jẹ nígbà tí wọn kò bá kíyè sí i. Ohun méjì ni ó dárúkọ: ìkookò àti àìkíyèsí. Ìkookò kò sì pa Yūsuf. Àwọn tí ó bá a jáde nílé gan-an ni wọ́n jù ú sí kànga. Ẹ̀yìn bàbá rẹ̀ ni ó ti ṣẹlẹ̀, ní ọ̀sán gangan, láàrín àwọn tí ó pè ní ẹ̀gbọ́n.

Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé ìbéèrè tí à ń bèèrè kò tíì pé. A ń bèèrè pé ilé-ẹ̀kọ́ wo ni ó dára. Ó yẹ kí a tún bèèrè pé: ta ni ó ń bá ọmọ náà rìn lọ, ta ni ó ń bá a rìn bọ̀, ta ni ó sì wà lọ́dọ̀ rẹ̀ láti ìgbà tí ilé-ẹ̀kọ́ bá ti parí títí di ìgbà tí àwa òbí yóò fi wọlé?

Ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́ nípa ìlú wa. Púpọ̀ nínú wa ni owó ilé Èkó lé wá sí Ibafo àti Mowe. A ra ilẹ̀, a kọ́ ilé, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n Èkó ni iṣẹ́ wa ṣì wà. Ẹlòmíràn á jáde ní aago 5 ìdájí kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ tó di ọ̀nà ní afárá Kara, kò sì ní padà wọlé títí aago 9 alẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ará Ìfọ̀ tí ń ná ọjà ní Agége. Ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ń parí ní nǹkan bí aago 2 ọ̀sán. Ẹ ka ohun tí ó wà láàrín: wákàtí 7 lójúmọ́, wákàtí 35 láàrín ọjọ́ 5. Wákàtí tí olùkọ́ fi ń rí ọmọ náà kò tó bẹ́ẹ̀.

Ẹni tí ń wá ọmọ kún ẹgbẹ́ òkùnkùn kò nílò kí ó wọ inú kíláàsì. Ilé tí wọ́n kọ́ tí wọn kò parí kún àdúgbò wa, ibẹ̀ ni wọ́n ń jókòó sí. Wọn kì í fi ìbọn bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ gba ọmọ náà sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ń lù ú, wọ́n á fún un lówó ọkọ̀, wọ́n á ra dátà sí fóònù rẹ̀. Ọmọ tí kò rí ẹni bi í pé "báwo ni òní ṣe rí?" yóò sọ ẹni tí ó kọ́kọ́ bi í di ẹ̀gbọ́n. Àwọn àgbà wa ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.

Bí ẹnìkan bá sì rò pé òkè òkun ni ààbò wà, kí ó gbọ́ èyí. Ní ọdún 2000, ìdílé kan kúrò ní Èkó lọ sí London kí ọmọbìnrin wọn lè rí ìtọ́jú ìṣègùn. Damilola Taylor, ọmọ ọdún 10, jẹ́ ọmọkùnrin ilé náà. Ní ọjọ́ 27, oṣù kọkànlá, ó ń bọ̀ láti ilé ìkàwé ní Peckham ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n gún un nítan, ó sì kú sórí àtẹ̀gùn ilé kan. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò méjì tí ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi ikú rẹ̀ ní ọdún 2006 jẹ́ ọmọ ọdún 12 àti 13 nígbà tí wọ́n ṣe é. Ilé ìkàwé ni ọmọ náà ti ń bọ̀, ẹ̀yin òbí. Àárín ilé ìkàwé àti ilé ni ó kú sí. Títí di òní, àwọn òbí wa kan ní London ń fi ọmọ ránṣẹ́ sí ilé-ẹ̀kọ́ ní Nàìjíríà nítorí ẹ̀rù ọ̀bẹ, nígbà tí àwa níbí ń wá owó tí a ó fi rán tiwa lọ sọ́hùn-ún. Àwọn ń sá bọ̀, àwa ń sá lọ.

Kì í ṣe pé kí a má yan ilé-ẹ̀kọ́ o. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun kọ́ wa pé kí a so ràkúnmí mọ́lẹ̀ kí a tó gbára lé Ọlọ́hun. Ẹ wo Maryam. Ibi ìjọsìn ni wọ́n fi í sí, Ànábì Zakariyyā ni Ọlọ́hun sì fi ṣe alágbàtọ́ rẹ̀. Ibo ni ó tún dára jù bẹ́ẹ̀ lọ? Síbẹ̀, Zakariyyā kò sọ pé ibi mímọ́ ni ọmọ wà, kí òun máa sùn. Ó ń wọlé tọ̀ ọ́ lọ. Nígbàkígbà tí ó bá sì rí oúnjẹ tí kì í ṣe òun ni ó gbé e wá, ó ń bi í pé níbo ni ó ti rí i. Ìdáhùn Maryam mọ́, nítorí ọ̀dọ̀ Ọlọ́hun ni ó ti wá, ṣùgbọ́n Zakariyyā bèèrè. Àwa ńkọ́? Ọmọ gbé fóònù olówó ńlá wọlé, a ní ọmọ wa ti gbọ́n. Ó wọ bàtà tí owó rẹ̀ ju owó oṣù ìyá rẹ̀ lọ, kò sí ẹni tí ó bi í léèrè.

Nítorí náà, kí a tó san owó ilé-ìwé, kí a lọ wo ilé-ẹ̀kọ́ náà ní àkókò tí wọ́n ń parí. Kí a wo àwọn tí ń dúró níwájú géètì. Kí a bi àwọn ìyá tí ń ta oúnjẹ níbẹ̀, kí a bi àwọn ọlọ́kadà àti àwọn onímárúwá. Wọ́n mọ ohun tí ìwé ìpolówó kò sọ. Kí a bi ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ pé: "Nígbà tí irú ọ̀ràn yìí ṣẹlẹ̀ kẹ́yìn, kí ni ẹ ṣe?" Ẹni tí ó sọ ohun tí ó ṣe fún wa ṣeé fọkàn tán ju ẹni tí ó búra pé kò ṣẹlẹ̀ rí lọ. Ilé-ẹ̀kọ́ kékeré tí ó súnmọ́ ilé lè sàn ju olówó ńlá tí ọmọ yóò wọ ọkọ̀ méjì kí ó tó dé. Bí ó bá sì jẹ́ èyí tí ọmọ ń gbé ni, kí a mọ ẹni tí ń bá wọn sùn níbẹ̀, kí a sì máa yọjú.

Mo sọ ọ̀rọ̀ mi yìí, mo sì ń tọrọ àforíjìn Ọlọ́hun fún èmi àti ẹ̀yin. Ẹ tọrọ àforíjìn Rẹ̀. Aláforíjìn, Aláàánú ni.

KHUTUBAH KEJÌ

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun. Kí ìkẹ́ àti ọlà máa bá Òjíṣẹ́ Rẹ̀.

Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, ọ̀rọ̀ kù fún òbí tí ọmọ rẹ̀ ti kó sínú ẹgbẹ́ náà. Àwọn kan máa ń dákẹ́, wọ́n á gba ìwé ìyọkúrò, wọ́n á mú ọmọ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn ní ìlú mìíràn láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ewu ni wọ́n gbé lọ fún ọmọ ẹlòmíràn. Àwọn kan á lé ọmọ jáde nílé. Ilé kan ṣoṣo tí yóò gbà á lálẹ́ ọjọ́ náà ni ti ẹgbẹ́ rẹ̀. Kí wọ́n sì rántí pé òfin ń bẹ. Èyí tí Gómìnà Èkó fọwọ́ sí ní ọdún 2021 fi ẹ̀wọ̀n ọdún 21 lélẹ̀ fún ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn, àti ọdún 15 fún ẹni tí ó bá ràn wọ́n lọ́wọ́.

Ẹ rántí ọkùnrin inú hádíìsì, ẹni tí ó pa ènìyàn 100. Onímímọ̀ tí ó lọ bá kò lé e. Ó sọ fún un pé ọ̀nà ìrònúpìwàdà ṣí sílẹ̀, ó sì ní kí ó kúrò ní ìlú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò dákẹ́ síbẹ̀: ó júwe ìlú tí yóò lọ fún un, ìlú tí àwọn olùjọsìn wà, kí ó lè máa bá wọn jọ́sìn. Bí a bá máa kó ọmọ kúrò níbì kan, kí a mọ àwọn ènìyàn rere tí à ń kó o lọ bá. Kí ọmọ jẹ́wọ́, kí òbí gbọ́, kí àwọn àgbà àti àwọn agbófinró tí ó ṣeé fọkàn tán mọ̀ sí i.

Ohun tí mò ń bẹ̀ yín fún lónìí kò ga ju apá wa lọ. Wákàtí 7 wọ̀nyẹn, ẹ jẹ́ kí a pín in. Kí ilé-kéú máa gba àwọn ọmọ láti ìrun Àsárì títí di Màgáríbì. Kí ẹ̀yin tí ẹ ti fẹ̀yìn tì máa jókòó tì wọ́n. Kí òbí mẹ́ta tàbí mẹ́rin ní òpópónà kan náà yan ẹnìkan tí yóò máa kó àwọn ọmọ bọ̀. Kí bàbá tí ó dé ní aago 9 má sùn láìbi ọmọ rẹ̀ léèrè bí ọjọ́ rẹ̀ ṣe lọ. Olùdaran ni gbogbo wa, a ó sì bi wá nípa ohun tí à ń dà.

Ìwọ Ọlọ́hun wa, bá wa ṣọ́ àwọn ọmọ wa ní àjò àti ní ilé. Dá àwọn tí ó ti ṣìnà padà fún àwọn òbí wọn kí ilẹ̀ tó ṣú. Má ṣe jẹ́ kí a sin ọmọ, má sì ṣe jẹ́ kí ọmọ wa sọ òbí ẹlòmíràn di ẹni tí ń sin ọmọ. Fi ìbàlẹ̀ ọkàn sí Mowe, Ibafo, Ìfọ̀ àti gbogbo ìpínlẹ̀ Ògùn. Àmín.

Ẹ dìde, kí a kírun.