Àpò Ẹ̀wà Tí Mo Dà Nù

Ní sáà tó kọjá, màmá mi fi àpò ẹ̀wà kan ránṣẹ́ sí mi láti Ìbàdàn sí Choba níbí, ní Port Harcourt. Mo tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tí n ó fi tú u, kòkòrò ti sọ ọ́ di ìyẹ̀fun. Mo dà á nù. Lálẹ́ ọjọ́ náà, níbi ìpàdé àdúrà, èmi ni wọ́n ní kí n gbàdúrà fún àwọn tí ebi ń pa. Àdúrà náà há mi lọ́fun.

Arábìnrin tí a jọ ń gbé yàrá, ọmọ Ògóní, ní ẹ̀wà tirẹ̀. Inú kẹ́ẹ̀gì tó ti fọ̀ tó sì gbẹ dáadáa ló rọ ọ́ sí, ó kún dé ẹnu, ó sì dé e pinpin. Kò fi oògùn kankan sí i. Kòkòrò ń mí bíi tiwa. Bí afẹ́fẹ́ bá tán, ó parí. Ọgbọ́n yìí náà ló wà nínú àpò PICS tí àwọn onímọ̀ Yunifásítì Purdue bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lé lórí ní Cameroon ní ìparí àwọn ọdún 1980: ọ̀rá méjì nínú àpò kan.

UNEP ní oúnjẹ tí ayé fi ṣòfò ní ọdún 2022 ju bílíọ̀nù tọ́ọ̀nù kan lọ, inú ilé sì ni nǹkan bí ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ti wá.

Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni mo ṣẹ̀? Arákùnrin kan ní àìmọ̀ ni. N ò gbà. Ẹni tó mọ̀ ń sùn nítòsí mi, n kò bi í. Nínú Jòhánù orí kẹfà, lẹ́yìn tí ogunlọ́gọ̀ yó, Jésù ní kí wọ́n kó àjẹkù jọ, agbọ̀n méjìlá sì kún. Mo ti máa ń ka agbọ̀n yẹn fò.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ní ìkòkò míì. Tòmátò inú agolo ńlá máa ń bu mọ́ mi lọ́wọ́, torí iná kì í dúró. Ti sáṣẹ́ẹ̀tì kékeré kì í ṣẹ́kù. Àmọ́ ọ̀rá sáṣẹ́ẹ̀tì yẹn ni òjò ń gbá lọ dí gọ́tà, tí omi fi ń wọlé aládùúgbò. Ṣé ó tọ́ kí n fi ilé ẹlòmíì gba ọbẹ̀ mi là? Ewé ẹ̀kọ máa ń jẹrà ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè pa tòmátò mọ́ fún oṣù kan. N ò tíì rí ìdáhùn tó tẹ́ mi lọ́rùn. Ohun tó ṣe é fọ̀ tún lò ni mo kọ́kọ́ ń wá báyìí.

Màmá mi tún ti fi ẹ̀wà míì ránṣẹ́. Kẹ́ẹ̀gì méjì ló gbà á. Wọ́n bi mí bóyá ti ìṣáájú tètè jinná. N kò tíì dá wọn lóhùn.