Ǹjẹ́ Ó Tọ́ Kí Àwọn Ẹ̀gbá Pa Ìlàrí?

Ní Ifọ̀ níbí, gbogbo wa la máa ń yin Lísàbí. Èmi náà ń yìn ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àwọn ìlàrí ń jẹ mí lọ́kàn.

Ní sẹ́ńtúrì kejìdínlógún, Ọ̀yọ́ ló ń ṣàkóso àwọn Ẹ̀gbá, àwọn ìlàrí ni Aláàfin sì fi ń gba ìṣákọ́lẹ̀. Wọ́n fá ìdajì orí wọn, wọ́n sín wọn ní gbẹ́rẹ́. Ẹni tó bá fọwọ́ kan ìlàrí, Aláàfin, èkejì òrìṣà, ló fọwọ́ kàn. Wọ́n wá ń fìyà jẹ ará oko. Lísàbí fi àáró kó àwọn àgbẹ̀ jọ, ó sọ ọ́ di Ẹgbẹ́ Olórógun, wọ́n sì dìde. Samuel Johnson kọ ọ́ pé ìlàrí tí wọ́n pa lé ní 600.

Ṣé wọ́n ṣẹ òrìṣà? Rárá o. Bí ọba bá fi orúkọ òrìṣà bo ìrẹ́jẹ, ẹni tó kọ̀ ọ́ kò bá òrìṣà jà.

Ṣùgbọ́n ẹrú ọba ni ọ̀pọ̀ ìlàrí. Iṣẹ́ tí a rán wọn ni wọ́n ń jẹ́. Bàbá mi ní ta ló rán wọn láti gbà ju ìṣákọ́lẹ̀ lọ? Òótọ́ ni. Àmọ́ nínú 600, ṣé kò sí ẹyọ kan tó gba iye tí a ní kó gbà, tó sì bá tirẹ̀ lọ? Ta ló gbọ́ ẹjọ́ tirẹ̀?

Ẹ má sọ pé ikú wọn ló dá Ọ̀yọ́ dúró. Ogun Ọ̀yọ́ ṣì wá. Àwọn Ẹ̀gbá ṣẹ́gun rẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti gba òmìnira wọn.