Ta Ni Ó Ni Omi Náà?

Ìlú Agadez wà ní ẹnu aṣálẹ̀ Sàhárà, ní ilẹ̀ Niger. Ilé gogoro mọ́sáláṣí rẹ̀, tí a fi amọ̀ mọ, ga tó mítà 27. Níbẹ̀ ni àwọn tí ń la aṣálẹ̀ lọ sí Líbíà máa ń dúró pọn omi. Àwọn ọmọ Nàìjíríà sì ń bẹ nínú wọn. Olúkúlùkù a fi àpò ìdọ̀họ wé kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ kí omi má baà gbóná, a sì kọ orúkọ sí i lára.

Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ọ̀rẹ́ mẹ́ta ni wọ́n. Ọ̀kan ń fi omi tirẹ̀ bọ́jú, ó ń fi í ṣan ẹsẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta, kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ gbẹ. Ǹjẹ́ dandan ni kí àwọn méjì yòókù bu omi fún un?

Ẹ má yára dáhùn. Omi tí wọ́n bá bù fún un lè jẹ́ èyí tí àwọn fúnra wọn ìbá mu tí wọn kì bá fi kú.

Lójú tèmi, Agadez ni ọ̀rọ̀ náà ti wọ́, níbi tí kànga wà nítòsí tí òùngbẹ kò gbẹ ẹnikẹ́ni. Níbẹ̀ ni ó yẹ kí wọ́n ti bi ara wọn pé, ṣé omi kan ni a ní ni, àbí mẹ́ta? Bí ó bá ṣe ọ̀kan ni, omi gbogbo wọn ni ẹni náà ń dà nù, wọ́n sì lè bá a wí ní ọjọ́ kìíní. Bí ó bá ṣe mẹ́ta, ta ni yóò bá a wí? Orúkọ rẹ̀ ni ó wà lára kẹ́ẹ̀gì.

Èmi yóò bu fún un ṣá o. Ṣùgbọ́n n kò ní pè é ní gbèsè tí mo jẹ ẹ́, àánú ni.