Ta Ni Yóò Gbẹnu Sọ fún Un?



Nínú Ìhìnrere gẹ́gẹ́ bí Jòhánù Mímọ́ ti kọ ọ́, ní orí karùn-ún, a kà nípa ọkùnrin kan tí àìsàn ti dá dùbúlẹ̀ fún ọdún 38 lẹ́bàá adágún omi kan ní Jerúsálẹ́mù. Omi ìwòsàn kò jìnnà sí i. Ojú rẹ̀ ni àwọn ẹlòmíràn ṣe ń wọ inú rẹ̀. Nígbà tí Olúwa wa bi í bí ó bá fẹ́ ìwòsàn, ohun tí ó rò fún un ni pé òun kò ní ènìyàn tí yóò gbé òun dé inú omi. Ẹ kíyè sí i: kì í ṣe omi ni kò sí, ènìyàn ni kò ní.

Irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ wà láàárín wa ní Ìjan lónìí. Mo ń sọ nípa àwọn ọmọdé àti àgbà tí ọpọlọ wọn kò dàgbà bí ara wọn ti dàgbà, àwọn tí à ń pè ní dìndìnrìn ní ojú títì, tí a sì ń fi pamọ́ sí ìyẹ̀wù bí àlejò bá dé. Wọn kì í ṣe wèrè. Ibà, eyín, etí àti ọkàn ń dùn wọ́n bí ó ti ń dùn wá. Àwọn àgbà wa wí pé, ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Kí ni yóò wá jẹ́ ìpín ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ rárá?

Mo ní ẹ̀ṣẹ̀ kan láti jẹ́wọ́ fún yín lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní ìjọ kan tí mo ti ṣiṣẹ́ ní ọdún púpọ̀ sẹ́yìn, ìyá kan mú ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tọ̀ mí wá. Ọmọ náà ti tó ogún ọdún, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ díẹ̀ ni ó mọ̀ sọ. Ó ń fi orí gbá ògiri, kò sì jẹun. Ìyá rẹ̀ ti mú un lọ sí ilé ìwòsàn kan. Wọ́n ní bí irú wọn ti ń ṣe nìyẹn, wọn kò la ẹnu rẹ̀ wò. Èmi náà gbàdúrà, mo wọ́n omi mímọ́ sí i lára, mo ní kí wọ́n máa lọ ní àlàáfíà. Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì kí nọ́ọ̀sì kan nínú ìjọ tó là á lẹ́nu wò. Eyín rẹ̀ ti jẹrà, èrìgì rẹ̀ sì ti kún fún ọyún. Nígbà tí a yọ eyín náà, gbígbá orí dópin. Àdúrà mi kò burú, ṣùgbọ́n mo fi àdúrà bo ìmẹ́lẹ́ mi mọ́lẹ̀. Gbogbo wa ni a rí àléébù ọmọ náà. A kò rí ìrora rẹ̀.

Ẹ má ṣe gbọ́ ti àwọn tí ń sọ pé èpè tàbí ẹ̀ṣẹ̀ ìyá ni. Ní ọdún 1959, Jérôme Lejeune, dókítà ọmọ ilẹ̀ Faransé tí í ṣe Kátólíìkì, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, fi hàn pé àwọn ọmọ tí ó ní Down syndrome ní krómósóòmù 47 dípò 46. Póòpù Francis kéde rẹ̀ ní Ẹni Ọ̀wọ̀ ní ọdún 2021. Nǹkan bí ìdajì irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ni a ń bí pẹ̀lú àbùkù nínú ọkàn. Nítorí náà, ọmọ tí ó yẹ kí dókítà tètè rí gan-an ni èyí tí a ń fi pamọ́.

Àwọn mìíràn wà tí a lè gbà là. Bí ojú àti ara ọmọ tuntun bá pọ́n rúsúrúsú, ẹ má ṣe fi àgbo tàbí oòrùn fi ọjọ́ ṣòfò. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà, nítorí ibà pọ́njú lè ba ọpọlọ jẹ́ títí ayé. Ẹ má sì fi kàfúrà tí a fi ń lé aáyán sí aṣọ ọmọ. Ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ kan kò gbà á, ó sì ń fa ibà yìí.

Òfin ilẹ̀ wa tí ó ka ìyàsọ́tọ̀ àwọn aláàbọ̀ ara léèwọ̀, èyí tí Ààrẹ fi ọwọ́ sí ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019, sọ pé kí ẹni tí ó ní àléébù ọpọlọ gba ìtọ́jú lọ́fẹ̀ẹ́ ní ilé ìwòsàn ìjọba. Ṣùgbọ́n òfin kì í wọ ọkọ̀ láti Ìjan lọ sí Adó. Ènìyàn ni ń wọ̀ ọ́.

Ẹ̀yin òbí, ọmọ ẹni kì í burú títí kí á lé e fún ẹkùn pa jẹ. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé bí ọmọ yín ti ń jẹun, bí ó ti ń sùn, àti ohun tí í ṣe nígbà tí ara bá ń ni ín. Ẹ fi han dókítà. Bí ìṣe rẹ̀ bá yí padà lójijì, ẹ jẹ́ kí a wo eyín, etí àti inú rẹ̀ kí ẹ tó máa wá ẹ̀mí òkùnkùn kiri. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì àti dókítà, ẹ bá aláìsàn náà fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní ohùn jẹ́jẹ́, kí ẹ sì fi sùúrù yẹ̀ ẹ́ wò láti orí dé ẹsẹ̀.

Lẹ́yìn Mísà òní, èmi yóò dúró ní ẹnu ọ̀nà ìjọ pẹ̀lú ìwé kan. Ẹni tí ó bá ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ nílé, kí ó wá sọ fún mi; ẹni tí ó bá lè sìn ín dé ilé ìwòsàn, kí ó fi orúkọ sílẹ̀. Orúkọ tèmi ni ó ṣáájú. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tún sọ ní Ìjan pé òun kò ní ènìyàn.

Kí Wúndíá Màríà Mímọ́, Ìlera àwọn aláìsàn, bẹ̀bẹ̀ fún wa. Àmín.

Fáda yín nínú Kristi.