Kí Ni A Ó Fẹ̀yìn Tì?

Àwọn Faransé ní ọ̀rọ̀ kan, retraite, tí wọ́n ń lò fún àkókò tí òṣìṣẹ́ bá kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni wọ́n ń lò fún ọmọ ogun tí ó padà sẹ́yìn lójú ìjà. Àwa Yorùbá kò wò ó bẹ́ẹ̀. Ìfẹ̀yìntì ni àwa ń pè é, ìyẹn ni pé ẹni tí ó ti ṣiṣẹ́ títí rí ohun kan gbé ẹ̀yìn lé kí ó lè sinmi. Ìbéèrè wà nínú ọ̀rọ̀ tiwa yìí, nítorí kò sí ẹni tí ń fẹ̀yìn ti afẹ́fẹ́. Bí a bá sọ pé àgbà kan ti fẹ̀yìn tì, ó yẹ kí a lè sọ ohun tí ó fẹ̀yìn tì.

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo àgbà méjì tí wọ́n jókòó sábẹ́ igi kan náà ní Odòmẹ́ta ní ìrọ̀lẹ́. Olùkọ́ ilé ìwé ìjọba ni ọ̀kan nínú wọn. Ó ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́, owó sì ń wọlé fún un láti ọ̀dọ̀ Fonds National des Retraites du Bénin, àpò tí a fi ń san owó ìfẹ̀yìntì àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Àgbẹ̀ ni ìkejì. Ogójì ọdún ni ó fi gbin àgbàdo, ẹ̀gẹ́ àti ẹ̀pà lórí ilẹ̀ Kétu yìí, nínú irè oko rẹ̀ sì ni olùkọ́ ti jẹun kí ó tó lágbára láti dúró níwájú àwọn ọmọ. Lọ́jọ́ tí apá àgbẹ̀ yìí kò bá ká ọkọ́ mọ́, kò sí ọ́fíìsì kan tí orúkọ rẹ̀ wà. Àwọn méjèèjì ni wọ́n ṣiṣẹ́, àwọn méjèèjì ni wọ́n sì gbó. Èé ṣe tí ọ̀kan fi ní ògiri lẹ́yìn tí ìkejì kò ní?

A mọ ìdáhùn tí àwọn baba wa ì bá fún wa. Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Ọmọ ni ògiri àgbẹ̀. Òwe yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìfẹ́ nìkan, àdéhùn ni. Òbí san tirẹ̀ ní òwúrọ̀, ọmọ yóò san tirẹ̀ ní alẹ́, gbogbo agboolé sì ni ẹlẹ́rìí. Ọmọ tí ó bá dalẹ̀ àdéhùn náà kò ní lè gbé ojú sókè láàárín ẹbí.

Ṣùgbọ́n ọmọ àgbẹ̀ wa ti lọ sí Cotonou, òmíràn wà ní Èkó, òmíràn wà ní Libreville. A kò gbà pẹ̀lú àwọn tí ń sọ pé ọmọ òde òní burú. Ẹni tí ń gun zémidjan láti òwúrọ̀ títí di òru, tí ó ń san owó ilé, tí ó sì ń san owó ilé ìwé ọmọ mẹ́ta, kò gbàgbé ìyá rẹ̀. Kò kọ̀ láti fún un lọ́mú, wàrà ni kò sí. Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn kan wà tí Ọlọ́run kò fún lọ́mọ, àwọn mìíràn sì wà tí ọmọ wọn ṣáájú wọn lọ sọ́run. Òwe òkété kò dárúkọ àwọn wọ̀nyí.

Àwọn baba wa pàápàá kò fi gbogbo ara lé ọmọ nìkan. Wọ́n dá èsúsú, wọ́n sì dá àjọ. Samuel Johnson ṣàpèjúwe èsúsú nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde lọ́dún 1921, William Bascom, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, sì kọ àpilẹ̀kọ nípa rẹ̀ lọ́dún 1952. Àwọn ènìyàn wa tí a kó lẹ́rú kọjá òkun gbé e dé Trinidad, níbi tí a ti ń pè é ní susu títí di òní. Nínú èsúsú, iye kan náà ni olúkúlùkù ń dá, ẹnì kan a sì kó gbogbo rẹ̀ nígbà tí ó bá kàn án. Owó èsúsú kì í sùn. Nínú àjọ, alájọ ni ń gba owó lọ́wọ́ wa lójoojúmọ́, tí ó ń tọ́jú rẹ̀ títí oṣù yóò fi parí, tí yóò sì mú ti ọjọ́ kan gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹni tí ó bá mọ èsúsú àti àjọ ti mọ ọ̀nà méjì tí ayé ń gbà san owó ìfẹ̀yìntì. Caisse Nationale de Sécurité Sociale, tí gbogbo wa mọ̀ sí CNSS, ń ṣe bí èsúsú fún àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ aládàáni: owó tí àwọn tí ń ṣiṣẹ́ lónìí ń dá ni a fi ń san ti àwọn tí ó ti fẹ̀yìn tì lónìí. Nínú 100 fáránkì owó iṣẹ́, òṣìṣẹ́ ń dá 3.6 fún ọjọ́ ogbó, ọ̀gá rẹ̀ ń dá 6.4, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 10. Ẹni tí ó bá pé ọmọ 60 ọdún, tí ó sì ti dá owó fún oṣù 180 ó kéré tán, ni owó náà tọ́ sí lóṣooṣù. Nàìjíríà yan ọ̀nà àjọ nínú òfin tí wọ́n ṣe lọ́dún 2004: olúkúlùkù òṣìṣẹ́ ní àkáǹtì tirẹ̀, a sì ń fi owó náà ṣòwò títí ọjọ́ tirẹ̀ yóò fi pé.

Ibi tí tuntun ti yàtọ̀ sí ti àtijọ́ ni gígùn ọjọ́. Èsúsú a máa parí láàárín ọdún kan, láàárín àwọn tí wọ́n mọ ojú ara wọn. Èyí yóò gba ogójì ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀dọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í dáwó lónìí yóò gba tirẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tí a kò tíì bí. Ìdí nìyí tí a fi nílò àwọn onímọ̀: àwọn tí ń ṣètò òfin ìfẹ̀yìntì, àwọn tí ń ṣírò iye ọdún tí ènìyàn ń gbé láyé àti iye ọ̀dọ́ tí yóò wà fún àgbà kọ̀ọ̀kan, àti àwọn tí ń fi owó àkójọ ṣòwò kí ó má baà dínkù.

Iṣẹ́ wọn kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀lẹ. Bí ọjà bá ń fi 3 lórí 100 gbówó lórí lọ́dọọdún, ohun tí a ń rà ní 1,000 fáránkì lónìí yóò ju 3,200 lọ lẹ́yìn ogójì ọdún. Ẹni tí ó bá ri 1,000 rẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú ìkòkò, tí ó sì hú u lọ́jọ́ ogbó, kò ní rí ju ẹrù 300 lé díẹ̀ rà. Kò sí olè tí ó wọlé, síbẹ̀ owó ti lọ. Onímọ̀ ni ó mọ bí a ti í pín owó náà sí ọ̀nà púpọ̀, díẹ̀ nínú gbèsè ìjọba, díẹ̀ nínú ilé, díẹ̀ nínú ilé iṣẹ́, kí ọ̀kan má baà bàjẹ́ kí gbogbo rẹ̀ bàjẹ́. Àgbẹ̀ tí ó gbin àgbàdo mọ́ ẹ̀gẹ́ kò ní ṣàì mọ ọgbọ́n yìí. Nítorí náà a kò sí lára àwọn tí ń fi onímọ̀ ṣẹ̀sín.

Ṣùgbọ́n ibí yìí gan-an ni ọ̀ràn ìwà ti wọlé. Báwo ni ẹni tí kò mọ ìṣirò ṣe lè fi ọjọ́ alẹ́ rẹ̀ sọ́wọ́ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n? Ẹ wo àpẹẹrẹ kékeré kan. Olùtọ́jú owó kan sọ pé 1 péré nínú 100 ni òun yóò máa mú lọ́dọọdún fún iṣẹ́ òun. Ta ni yóò bá a jiyàn lórí 1? Síbẹ̀ bí ó bá mú un fún ogójì ọdún, nínú 100 tí a kọ́kọ́ fi sílẹ̀, ìpín tirẹ̀ yóò tó 33, ohun tí yóò kù fún olówó jẹ́ 67. Alájọ náà ń gba owó iṣẹ́, ṣùgbọ́n ojú wa ni a fi ń rí i.

Àwọn kan dá a lábàá pé kí a padà sọ́dọ̀ ẹni tí a mọ̀ lójú. Ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ti rí èyí. Lọ́dún 2010, nígbà tí ICC Services wó, àìmọye ìdílé ni owó wọn bá a lọ. Èlé tí kò sí òwò rere kan tí ó lè mú un wá ni wọ́n ṣèlérí, ọ̀pọ̀ tí ó sì kówó wọn síbẹ̀, ọ̀rẹ́, ará àti aládùúgbò ni ó mú wọn lọ. Ojú tí a mọ̀ kò gbà wọ́n. Àwọn mìíràn ní kí a gbẹ́kẹ̀ lé ọ́fíìsì àti ìwé ẹ̀rí. Ní Abuja, lọ́dún 2013, ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí a fi ẹ̀sùn kàn lórí owó ìfẹ̀yìntì àwọn ọlọ́pàá jẹ́wọ́ pé òun lọ́wọ́ nínú jíjí bílíọ̀nù náírà, ilé ẹjọ́ sì jẹ́ kí ó san owó ìtanràn 750,000 náírà péré kí ó máa lọ sílé. Ariwo sọ káàkiri Nàìjíríà, ọdún 2018 ni ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn tó fi ẹ̀wọ̀n rọ́pò rẹ̀. Ọ́fíìsì kò gba àwọn àgbà ọlọ́pàá náà.

Ojú kò tó, ìwé ẹ̀rí kò tó. Ohun tí ó mú kí a lè fọkàn tán alájọ rere ni káàdì. Káàdì wà lọ́wọ́ onílé, iye tí ó dá wà lórí rẹ̀, ó sì lè bi alájọ léèrè lọ́jọ́kọ́jọ́. Ohun tí a fi ń gbẹ́kẹ̀ lé ẹni tí ó gbọ́n jù wá lọ ni pé kò lè ṣàì jíhìn fún wa. Bí èyí bá rí bẹ́ẹ̀, gbèsè mẹ́ta ni àwọn onímọ̀ jẹ wá.

Èkínní ni èdè. Ìṣirò tí olówó kò gbọ́ kì í ṣe ìṣirò. Bí ìwé bá ti ọ́fíìsì wá bá ìyá àgbà kan ní Odòmẹ́ta ní èdè Faransé, tí ó sì ní láti dúró de ọmọ ilé ìwé kí ó tó mọ̀ bóyá owó òun dínkù, a kò tíì jíhìn fún un. Èkejì ni pé kí ọwọ́ tí ń pàṣẹ owó má jẹ́ ọwọ́ tí ń dì í mú. Òfin Nàìjíríà ti ọdún 2004 ṣe èyí: ilé iṣẹ́ kan ń pinnu òwò tí a ó fi owó náà ṣe, ilé iṣẹ́ mìíràn ni owó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ti àwọn orílẹ̀-èdè tí ń sọ Faransé, àdéhùn tí wọ́n fọwọ́ sí ní Abidjan lọ́dún 1993 ni ó dá CIPRES sílẹ̀, tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Lomé, kí ó máa bẹ àwọn àpò ìfẹ̀yìntì wọn wò láti ìta. Ẹni tí ó ń tọ́jú owó ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ bínú pé a ń ṣọ́ òun.

Ẹ̀kẹta ni ó wúwo jù: kí wọ́n ka àgbẹ̀ mọ́ ènìyàn. Ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tí ń ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ wa kò ní ọ̀gá tí yóò dá 6.4 fún wọn. Ètò ARCH tí ìjọba Bẹ̀nẹ̀ gbé kalẹ̀ ka ìfẹ̀yìntì mọ́ iṣẹ́ rẹ̀ mẹ́rin, pẹ̀lú ìlera, ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ àti owó yíyá. Nàìjíríà náà bẹ̀rẹ̀ ètò tirẹ̀ fún àwọn oníṣòwò àti oníṣẹ́ ọwọ́ ní oṣù kẹta ọdún 2019. Ohun tí ó dára ni. Ṣùgbọ́n owó àgbẹ̀ kì í wọlé lóṣooṣù, ìgbà ìkórè ni. Onímọ̀ tí ó bá ní kí ó máa dáwó lóṣooṣù kò tíì mọ ẹni tí ó ń bá sọ̀rọ̀.

Àwọn àgbà kan ń bẹ̀rù pé bí owó bá ń wọlé láti ọ́fíìsì, ọmọ yóò pa òbí tì. A gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn, a kò sì fojú kéré rẹ̀. Owó kò lè kí ni ní òwúrọ̀, kò sì lè bu omi fún ni nígbà àìsàn. Ṣùgbọ́n àgbà tí kò ní kọ́bọ̀ lọ́wọ́, tí ó gbọ́dọ̀ tọrọ owó ọṣẹ lọ́wọ́ aya ọmọ rẹ̀, ojú ń tì í nínú ilé ara rẹ̀. Èyí tí ó ní díẹ̀ lè fún ọmọ-ọmọ rẹ̀ ní owó àkàrà. Ọmọ tí kò ru gbogbo ẹrù nìkan sì lè wá kí ìyá rẹ̀ láìsí pé ẹ̀rù ń bà á láti dé ẹnu ọ̀nà. Owó ìfẹ̀yìntì kò gba ipò ọmọ. Ó ń jẹ́ kí ọmọ lè ṣe ọmọ.

Kétu ni a mọ̀ sí orísun Gẹ̀lẹ̀dẹ́. A ń jó fún àwọn ìyá wa àgbà, a ń fi orin yìn wọ́n, UNESCO sì kà á mọ́ ogún gbogbo ayé lọ́dún 2001. Bí ijó bá parí tán, ó yẹ kí a bi ara wa léèrè ohun tí ìyá tí a jó fún yóò jẹ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Sí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa tí ẹ ń kọ́ ìmọ̀ òfin, ìmọ̀ ìṣirò àti ètò ọrọ̀ ajé, ẹ̀yin ni onímọ̀ ọ̀la. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí owó ogbó ẹni tí ẹ kò mọ̀ rí yóò wà lọ́wọ́ yín. Ẹ rántí àgbà méjì tí wọ́n jókòó sábẹ́ igi ní Odòmẹ́ta. Ẹ jẹ́ kí ìwé yín yé olùkọ́, ẹ sì kọ orúkọ àgbẹ̀ sínú rẹ̀.