Ta ló ni àkókò ọmọ tuntun?

Lọ́tẹ̀ yìí, mo fẹ́ gbé ìtàn inú Òṣẹ́ Òtúrá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ kan tó ń jẹ àwọn òṣìṣẹ́ lọ́kàn: ṣé ó yẹ kí líìfù ìbímọ gùn ju bó ṣe wà yìí lọ, ṣé ó sì yẹ kí bàbá náà gbà á?

Ẹ mọ ìtàn náà. Irúnmọlẹ̀ mẹ́tàdínlógún ni Olódùmarè rán wá sáyé, Ọ̀ṣun nìkan lobìnrin àárín wọn. Àwọn mẹ́rìndínlógún tó kù ń ṣèpàdé, wọn ò pè é. Gbogbo ohun tí wọ́n dáwọ́ lé ò yọrí. Nígbà tí wọ́n padà sọ́run lọ ṣàlàyé, Olódùmarè bi wọ́n pé ẹnì kẹtàdínlógún yín ńkọ́? Wọ́n lọ bẹ Ọ̀ṣun. Oyún wà nínú ẹ̀, orí oyún yẹn ló sì gbé ọ̀rọ̀ ìlàjà náà kà. Láti ìgbà náà ni gbogbo àwọn ọkùnrin wọ̀nyí ti ń wúre sí oyún yẹn, títí wọ́n fi bí Òṣẹ́tùrá. Ohun táwọn èèyàn sábà máa ń mú nínú ìtàn yìí ni pé ká má fojú di obìnrin. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n apá kejì ni èmi ń wò: odindi ìgbìmọ̀ ayé gbájú mọ́ oyún kan. Kò sẹ́ni tó sọ pé ọ̀rọ̀ ilé Ọ̀ṣun nìyẹn, kó lọ fúnra ẹ̀ yanjú ẹ̀.

Ẹ wá wo tiwa. Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà ti 1974 fún obìnrin ní ọ̀sẹ̀ 12: 6 kó tó bímọ, 6 lẹ́yìn ẹ̀. Bó bá ti lo oṣù 6 lẹ́nu iṣẹ́, ohun tí wọ́n máa san fún un kò gbọdọ̀ dín sí ìdajì owó ẹ̀. Tó bá wọlé padà, ààbọ̀ wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ ló ní láti fọ́mọ lọ́mú. Bàbá ò sí nínú òfin yẹn rárá. Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ rí jù bẹ́ẹ̀ gbà: ọ̀sẹ̀ 16 fún ìyá, ọjọ́ iṣẹ́ 14 fún bàbá. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fi tàwọn òṣìṣẹ́ tiwọn sí oṣù 6 ní 2014, fún ọmọ méjì àkọ́kọ́, wọ́n sì fún bàbá ní ọjọ́ 10. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kọ́mọ mu ọmú nìkan fún oṣù 6, òfin iṣẹ́ ní kí ìyá ẹ̀ padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 6. Báwo lẹ ṣe fẹ́ mú méjèèjì ṣe?

Obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ aládàáni wá dá Ifá lọ́dọ̀ mi (mo gbàṣẹ lẹ́nu òun àtọkọ ẹ̀ kí n tó sọ ọ́). Ọmọ ẹ̀ ò tíì pé oṣù mẹ́ta. Ohun tó fẹ́ mọ̀ ni bóyá kóun fiṣẹ́ sílẹ̀. Ó ní tóun bá ń jáde láàárọ̀, ọmọ ń sùn. Tóun bá fi máa dé lálẹ́, ọmọ ti sùn. Mo bi ọkọ pé ọjọ́ mélòó lòun lò nílé nígbà tí wọ́n bímọ. Ó ní ọjọ́ ìkómọ nìkan, Sátidé sì ni. Ohun tí Ifá sọ fún wọn, tiwọn ni.

Ìtàn ni mo kà ní yunifásítì, nítorí náà mo mọ èsì táwọn àgbà kan máa fọ̀: àwọn ìyá wa ò gba líìfù kankan, wọ́n ń pọnmọ lọ sóko ni, wọ́n ń pọnmọ lọ sọ́jà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n oko ìyá yẹn ò ní géètì tí wọ́n ti máa dá ọmọ padà. Ìyá ọkọ wà nílé tó ń wẹ ọmọ, tó ń gbé omi gbígbóná kaná fún abiyamọ. Ní ọ̀pọ̀ ìdílé, ọkọ ò ní sún mọ́ ìyàwó títí wọ́n á fi já ọmọ lẹ́nu ọmú, ìyẹn sì lè tó ọdún méjì, kó tó mẹ́ta. Wọ́n fún abiyamọ láyè nígbà yẹn, wọn ò kàn kọ ọ́ sínú ìwé ni. Iṣẹ́ olówó oṣù ló sọ ọmọ kalẹ̀ lẹ́yìn ìyá, lójú tèmi, òun ló sì yẹ kó dá àyè yẹn padà.

Bàbá ńkọ́? Kí lọkùnrin fẹ́ ṣe nílé? Lọ́jọ́ kẹta tá a bá ṣe ẹsẹ̀ńtáyé, Ifá á sọ irú ẹni tọ́mọ yìí jẹ́, ohun tí kò gbọdọ̀ jẹ, òrìṣà tó yẹ kí wọ́n fún un bọ. Iye ìgbà tí mo ti pariwo èèwọ̀ ọmọ sínú fóònù fún bàbá tó wà níbi iṣẹ́, mi ò lè kà á mọ́. Ṣé ohun téèyàn gbọ́ láàárín ariwo jẹnẹrétọ̀ lẹ fẹ́ kó rántí? Wọ́n á ní àwọn kan máa fi líìfù náà jókòó sílé ọtí. Mo gbà. Wọ́n ń fi líìfù ọdọọdún ṣe bẹ́ẹ̀ náà, kò sẹ́ni tó ní ká fagi lé e. Ní Sweden, ọjọ́ 480 lòbí méjèèjì jọ ní lórí ọmọ kan, wọ́n sì ya 90 sọ́tọ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn. Bí bàbá ò bá lo tiẹ̀, kò lè fún ìyá, ó ti lọ nìyẹn.

Ibi tó le jù ni ta ló máa sanwó. Ẹni tó ní ilé ìwé aládàáni kékeré, tó ní tíṣà mẹ́fà, bí méjì bá bímọ lẹ́ẹ̀kan náà, oṣù 6 lè ti ilé ìwé yẹn pa. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń bi ọmọbìnrin nígbà tó bá ń wáṣẹ́ pé ṣó o ti lọ́kọ, ìgbà wo lo fẹ́ bímọ. Tá a bá fi líìfù ìyá gùn láìfi kan bàbá, tá a sì gbé gbogbo owó ẹ̀ lé agbanisíṣẹ́ kan lórí, àwọn obìnrin náà ló máa jìyà ẹ̀. Àwọn bàbá wa ní àáró: oko tèmi lónìí, tìẹ lọ́tùnla, kò sẹ́ni tó dá nìkan ro gbogbo ẹ̀. Ní Brazil, níbi táwọn ará wa ti ń bọ òrìṣà, àpò ìṣọ̀kan orílẹ̀-èdè ló ń gbé owó ọjọ́ 120 ìyá. Àwa náà ò ṣàì mọ̀ ọ́n ṣe. Láti 2010 ni òfin ti ní kí agbanisíṣẹ́ máa dá ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀ sápò NSITF, nítorí ẹni tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́. A lè dá fún ẹni tó bímọ náà.

Ṣùgbọ́n ìyá tó ń ta ata ńkọ́, àti ọmọ iṣẹ́ aránṣọ? Àwọn yìí ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ mi, wọn ò sì sí nínú ìwé owó oṣù ẹnikẹ́ni. Bí a bá ṣèpàdé líìfù láìpè wọ́n, ohun tí wọ́n ṣe fún Ọ̀ṣun là ń ṣe yẹn. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ọlọ́jà ló ń dáwó fún ẹni tó bímọ láàárín wọn, ọjọ́ ìkómọ ló sì máa ń tán. Ìjọba lè fi tiẹ̀ kún irú àpò bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin ìyá tẹ́ ẹ wà nínú ẹgbẹ́, ẹ bá mi béèrè nípàdé yín: tí a ò bá fi owó yẹn se ìrẹsì, ọ̀sẹ̀ mélòó ló lè dá abiyamọ dúró sílé?